Luzula, ewéko tó ń pín ilẹ̀ Àkítíìkì ní ìbú ọwọ́

Àwọn èèyàn a máa sọ pé kò sí nǹkan kan ní Àkítíìkì àfi yìnyín àti béárì funfun. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Aberdeen, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ilé wa ní Ìbàdàn, àwọn tó tiẹ̀ ti fẹsẹ̀ ara wọn tẹ ibẹ̀ náà ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ ọ. Ewéko kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Níbi púpọ̀, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀ tó hù lé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Òdòdó rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní ẹwà tó ń pe ojú. Síbẹ̀, ní àwọn erékùṣù kan ní òkè téńté Kánádà, òun ló gbilẹ̀ jù láàárín àwọn ewéko olódòdó, débi pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Luzula ni orúkọ ọ̀hún.

Méjì nínú àwọn ọmọ ìdílé Luzula ló wọ́pọ̀ jù ní ìpẹ̀kun àríwá: Luzula confusa àti Luzula nivalis, èyí tí ìwé mìíràn ń pè ní Luzula arctica. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn kò ṣòro. Ẹni tó bá lè dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ síra, onítọ̀hún ti lè ka ilẹ̀ Àkítíìkì. Yóò mọ ibi tí yìnyín ń pẹ́ sí àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbá mọ́ lójoojúmọ́, ibi tí omi wà àti ibi tí òùngbẹ ń gbẹ ilẹ̀. Kò sì níí sọ mọ́ pé ibẹ̀ ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹbí tí wọ́n ti wá. Luzula jọ koríko, àmọ́ kì í ṣe koríko. Ó jọ làbẹ̀làbẹ̀, kì í sì í ṣe làbẹ̀làbẹ̀. Ẹbí Juncaceae ni, òun àti Juncus tó máa ń hù sí àbàtà. Tí ẹ bá fọwọ́ ra igi làbẹ̀làbẹ̀, ẹ ó kan igun mẹ́ta. Igi Luzula rí róbótó. Tí ẹ bá wo ibi tí ewé ti fara mọ́ igi, ti Juncus là sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti Luzula pa dé yíká igi láìsí ojú ìlà kankan. Ewé Luzula tẹ́ pẹrẹsẹ, irun funfun gígùn a sì máa wà létí ewé lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Nínú èso Juncus, kóró a máa pọ̀ yanturu. Nínú èso Luzula, mẹ́ta ni, kò lé, kò dín.

Òdòdó rẹ̀ ló sọ mí di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lójú lásán, èèpo gbígbẹ dúdú ni èèyàn máa rò pé òun ń wò. Àmọ́ tí ẹ bá gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sí i, ẹ ó rí ewé òdòdó mẹ́fà tó tò yíká, mẹ́ta lóde, mẹ́ta nínú, àwọ̀ wọn dúdú bí awọ kòkó gbígbẹ, etí wọn sì fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Ẹ̀yà akọ mẹ́fà wà nínú wọn. Láàárín gbùngbùn ni ẹ̀yà abo wà, ó sì yọ ẹ̀ka mẹ́ta onírun wẹ́wẹ́ síta. Ètò òdòdó lílì gan-an ni èyí, ohun tí ó dín kù ni pé kò sí àwọ̀ mèremère, kò sí oyin. Kò nílò wọn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé eruku òdòdó rẹ̀ kiri, kì í ṣe kòkòrò, afẹ́fẹ́ kì í sì í wọ́n ní Àkítíìkì.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún irú Luzula tó wà láyé, púpọ̀ wọn ní ilẹ̀ tútù tàbí lórí òkè gíga. Kò sí èyí tó ń hù nílẹ̀ Yorùbá. Ooru wa ti pọ̀ jù fún un. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Luzula mannii. Orí òkè Kamẹrúùnù ló wà, òun àti erékùṣù Bioko tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Fernando Po, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó sì tutù ju ibi tí igbó parí sí lọ. Gustav Mann, ọmọ Jámánì tó ń kó ewéko jọ fún ọgbà ewéko Kew ní London ní ìwọ̀n 1860 sí 1863, ni wọ́n fi sọ lórúkọ. Ó ń wù mí láti dé ibẹ̀. Inú mi máa ń dùn láti mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ewéko tó ń gbé lẹ́bàá yìnyín Àkítíìkì wà lókè Gínì níbẹ̀, ní apá ilé wa.

Ibi tí mo ti rí àwọn méjèèjì pọ̀ ni Svalbard, erékùṣù tí Nọ́wè ń ṣàkóso, ní oṣù Keje. Longyearbyen ni ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, ó wà ní ìlà 78 àríwá. Láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹrin títí di apá ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti ìparí oṣù Kẹwàá títí di àárín oṣù Kejì, oòrùn kì í yọ rárá. Èèyàn kì í ṣàdédé jáde kúrò nílùú, nítorí béárì. Ìbọn wà léjìká ẹni tó ń tọ́ wa sọ́nà bí a ṣe ń wọ àfonífojì Adventdalen. Òun ń wo òkèèrè, èmi ń wo ilẹ̀.

Lórí ebè òkúta kan tó yọ sókè díẹ̀ ni mo ti bá Luzula confusa. Mo dojú délẹ̀ kí n lè rí i dáadáa. Ó hù ní ìdì kékeré tó le koránkorán. Ìsàlẹ̀ ìdì náà kún fún ewé tó ti kú, tó ti di eérú-eérú, tí kò já bọ́. Láàárín wọn ni ewé tuntun ti yọ jáde, tó tín-ínrín, tó ká bí ojú àgbàrá wẹ́rẹ́ láti ìdí dé orí, ṣóńṣó orí rẹ̀ mú, irun díẹ̀ sì wà ní ọrùn ewé níbi tó ti kúrò lára igi. Àpò ewé nísàlẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Igi òdòdó rẹ̀ ga ju ewé lọ, orí òdòdó sì ju ẹyọ kan lọ: òmíràn fara mọ́ igi tímọ́tímọ́, òmíràn wà lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́, síbẹ̀ nígbà tí mo fi ìka kan fà á díẹ̀, n kò lè mì ín lórí ìdúró rẹ̀.

Ní ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan sísàlẹ̀, ilẹ̀ rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì nínú mọ́ọ̀sì, ewéko kúkúrú rírọ̀ tó máa ń bo ilẹ̀ tútù. Confusa pòórá. Luzula nivalis ló wà níbẹ̀, ó kúrú ju èkejì lọ, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́, orí ewé kò mú, n kò sì rí irun kan pàtó létí rẹ̀. Orí òdòdó rẹ̀ ṣù pọ̀ sójú kan, ó dúdú, ó dúró gbọin lórí igi kúkúrú. Ojú mi ti ń wo aworan wọn nínú ìwé tipẹ́, ṣùgbọ́n ìwé kò lè fi bí wọ́n ṣe súnmọ́ ara wọn hàn. Mo lè na ọwọ́ sí ọ̀kan kí ẹsẹ̀ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, wọn kò sì dàpọ̀.

Kí ló fà á? Òjò dídì ni. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ ń gbá orí ebè mọ́, ó ń kó yìnyín lọ sínú kòtò. Ewéko orí ebè kò ní ìbora. Òtútù inú oṣù Kejì ń bà á tààrà, afẹ́fẹ́ sì ń fi hóró yìnyín àti yanrìn ha á lára. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé òun ni oòrùn kọ́kọ́ bà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá padà dé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ sì ń gùn díẹ̀ sí i. Ti inú kòtò sùn lábẹ́ ìbora, òtútù kò pa á, ṣùgbọ́n yìnyín lè wà lórí rẹ̀ títí oṣù Keje, àkókò tó ní láti dàgbà, kó yọ òdòdó kó sì so èso kò wá ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Nígbà tó bá jí, omi kò wọ́n ọn.

Ọ̀rọ̀ omi yìí gba àlàyé díẹ̀, nítorí ó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Òjò àti yìnyín tó ń rọ̀ ní Longyearbyen láàárín ọdún kan kò tó mílímítà 250. Ní Ìbàdàn, ó lé ní 1,000. Pẹ̀lú bí òjò ṣe kéré tó yìí, báwo ni mọ́ọ̀sì ṣe ń mu ẹsẹ̀ èèyàn? Abẹ́ ilẹ̀ ló fà á. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ dì gbagidi láti ọdún dé ọdún, kì í yọ́. Ìpele òkè nìkan, nǹkan bíi mítà kan ní Adventdalen, ló ń yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi yìnyín tó yọ́ kò rí ibi wọ̀ sí, ó dúró sókè, ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ gba inú kòtò lọ. Dídì àti yíyọ́ yìí kan náà ló ń ti òkúta kúrò lára amọ̀, tó ń to òkúta wéréwéré yíká ní àgbo àgbo, àárín wọn ni amọ̀ rírọ̀ máa ń wà. Inú amọ̀ rírọ̀ tó tutù ni nivalis fẹ́ràn. Òkúta àti yanrìn gbígbẹ ni confusa fẹ́. Ojú kan péré ni àgbo òkúta bẹ́ẹ̀ gbà, ó sì ti pín ilẹ̀ náà fún ewéko méjì.

Ní 2003, wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ kan jáde tó fi ewéko gbogbo Àkítíìkì hàn yíká ayé, láti Alaska dé Kánádà, Grínlándì, Svalbard àti Rọ́síà. Wọ́n pín Àkítíìkì sí ìpele márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ooru oṣù Keje ṣe mọ. Ní ìpele tó tutù jù, oṣù Keje, tó jẹ́ oṣù tí ooru pọ̀ jù lọ́dún, kì í kọjá nǹkan bíi 3°C. Ní ìpele tó tẹ̀ lé e, ó wà láàárín 3°C sí 5°C. Ìpele kejì yìí ni ìjọba Luzula. Ní King Christian Island lókè Kánádà, tí òun náà wà lágbègbè ìlà 78, àwọn onímọ̀ fi ọdún púpọ̀ wo confusa ní àwọn ọdún 1970, nítorí pé kò sí ewéko olódòdó tó borí rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀.

Ọ̀nà tí confusa fi ń gbélé ayé ní irú ibẹ̀ wà nínú òkú ewé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kì í jẹ́ kí wọ́n já bọ́. Wọ́n dúró yí ọmọ ewé ká fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún un, wọ́n ń há ooru oòrùn mọ́ àárín ìdì, bí oòrùn bá sì ràn, inú ìdì a gbóná ju afẹ́fẹ́ òde lọ. Ohun tí ewé náà ní nínú kò sì ṣòfò: kí ewé tó kú tán, oúnjẹ inú rẹ̀ ti padà sínú igi, ìyókù ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá gbòǹgbò. Ní ilẹ̀ tí nitirójìn ti wọ́n tó yìí, nǹkan ńlá nìyẹn. Ìdí kan ṣoṣo lè pẹ́ láyé gan-an, ó ń fi gbòǹgbò kúkúrú nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń yọ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irúgbìn ńkọ́? Ó ń so, ṣùgbọ́n kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tutù jù, èso lè má gbó. Ọ̀pọ̀ ewéko Àkítíìkì ń ṣe èèhù òdòdó wọn sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, kí ó lè jẹ́ pé bí yìnyín bá ti lọ, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí Luzula tó wà nínú igbó Yúróòpù, bíi Luzula pilosa, máa ń fi ọ̀rá kékeré kan sórí kóró wọn, èèrà á sì gbé e lọ sílé nítorí ọ̀rá náà. Lára kóró confusa, ọ̀rá yẹn kéré débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Kò sì sí èèrà ní Svalbard rárá.

Báwo wá ni ewéko ṣe dé erékùṣù tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà òtútù ńlá àtijọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 wo ìran ewéko mẹ́sàn-án tó wà ní Svalbard, ó sì rí i pé wọ́n ti ń ti òkèèrè wá léraléra, láti àríwá ìwọ̀ oòrùn Rọ́síà pàápàá, láti Grínlándì, láti Nọ́wè. Afẹ́fẹ́, ẹyẹ, àti yìnyín tó ń léfòó lórí òkun ló gbé wọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń mú orí mi wú. Òkun tí ọkọ̀ ń bẹ̀rù, kóró ewéko ti ń là á kọjá kí ọkọ̀ tó wà.

Ohun kan tún wà nínú Luzula tí àwọn onímọ̀ ìran fẹ́ràn láti wò. Nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa, àti ti ọ̀pọ̀ ewéko, kúrómósómù kọ̀ọ̀kan, ohun tó gbé àbùdá ìran, ní ojú ibì kan tí okùn ń so mọ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì. Bí kúrómósómù bá ṣẹ́, apá tí kò ní ojú ìso yẹn máa sọnù. Ti Luzula kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn lè so mọ́ kúrómósómù rẹ̀ láti orí dé ìdí. Bí ó bá ṣẹ́, apá méjèèjì lè máa bá ìgbésí ayé lọ. Ìdí nìyẹn tí iye kúrómósómù wọn fi yàtọ̀ gan-an: mẹ́fà péré ló wà nínú Luzula elegans, mẹ́rìnlélógún nínú nivalis, mẹ́rìndínlógójì nínú confusa. Èmi tí mo ń rí àwọn tí kúrómósómù kan ṣoṣo dà láàmú lẹ́nu iṣẹ́ mi, n kò lè ka èyí kọjá wẹ́rẹ́.

Orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn náà ní ìtàn. Lars Levi Laestadius, ẹni tó kọ́kọ́ ya nivalis sọ́tọ̀, pásítọ̀ ni ní Karesuando, ní àríwá Sweden, ìyá rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀ Sámi, àwọn ọmọ onílẹ̀ àríwá Yúróòpù. Ìsọjí ìsìn tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ṣì ní ọmọlẹ́yìn káàkiri àríwá Yúróòpù títí dòní. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n fún ìwàásù. Èmi mọ̀ ọ́n fún ewéko.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ìrìn àjò yìí fún àǹtí mi lórí fóònù, wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?" Mo ní, "Ẹ̀yin mà, èèyàn kì í jẹ ẹ́, ẹran ló ń jẹ ẹ́." Wọ́n ní, "Ó dáa, ó wúlò nìyẹn." Ìbéèrè wọn tọ́. Àgbọ̀nrín Svalbard, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí ara rẹ̀ nípọn, ń jẹ Luzula, nígbà òtútù pàápàá. Ebè tí afẹ́fẹ́ gbá mọ́ ni oúnjẹ ti rọrùn láti rí nígbà náà, ebè yẹn sì ni confusa wà. Caribou Peary, mọ̀lẹ́bí àgbọ̀nrín yìí tó wà ní àwọn erékùṣù Kánádà, náà ń jẹ ẹ́. Wọ́n fi òfin dáàbò bo àgbọ̀nrín Svalbard ní 1925, nítorí ọdẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Lónìí ó tó nǹkan bíi 22,000.

Àjálù tó ń bá ẹran yìí báyìí, òjò ni. Òjò lásán, omi, láàárín òtútù. Nígbà tí ooru bá ṣàdédé wọlé nínú oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì, òjò á rọ̀ sórí yìnyín, omi á wọ inú rẹ̀ lọ sílẹ̀, òtútù á padà dé, gbogbo rẹ̀ á sì di páálí omi dídì lórí ewéko. Pátákò kò lè fọ́ ọ. Ewéko wà lábẹ́ rẹ̀, ẹran ń wò ó, ebi ń pa á kú. Ọdún tí èyí bá ṣẹlẹ̀ gan-an, òkú àgbọ̀nrín a máa pọ̀ nínú àwọn àfonífojì. Ewéko fúnra rẹ̀ náà kì í sábà bọ́ nínú rẹ̀ láìfarapa. Ooru ayé tó ń pọ̀ sí i, tí a máa ń rò pé yóò kàn jẹ́ kí ibi tútù móoru díẹ̀, ọ̀nà tó gbà dé Svalbard nìyí: ìbora tí ó yẹ kó rọ̀, ó ti di àpáta.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn ju bí àǹtí mi ṣe rò lọ. Lórí òkè kan lẹ́bàá Longyearbyen ni ilé ìpamọ́ irúgbìn àgbáyé wà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì 2008. Inú òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ pa á mọ́ ní 18°C sábẹ́ òdo. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó irúgbìn lọ síbẹ̀, ẹ̀wà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kó. Ẹ̀wà táwọn ìyá wa ń gbìn, tó wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà, ń sùn nínú òkè tó wà nílẹ̀ Luzula. Ní ìparí 2016, òjò rọ̀ níbẹ̀ ní àkókò tó yẹ kó jẹ́ yìnyín, omi sì wọ ẹnu ọ̀nà ilé náà. Kò dé yàrá irúgbìn, nǹkan kan kò ṣe é, wọ́n sì ti tún ẹnu ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n irú òjò tó ń sọ oúnjẹ àgbọ̀nrín di àpáta náà ló kan ilẹ̀kùn ẹ̀wà wa.

Láti 1990 ni àwọn onímọ̀ ti ń gbé àpótí kékeré tí kò lórí, tí ògiri rẹ̀ mọ́ gaara, kalẹ̀ sórí ewéko káàkiri Àkítíìkì, kí inú rẹ̀ lè gbóná ju ìta lọ ní 1°C sí 3°C. Wọ́n ń pe ètò náà ní ITEX. Ní Utqiaġvik, ní etí òkun Alaska, àwọn Luzula wa méjèèjì wà lára ewéko tí wọ́n ń kà lọ́dọọdún. Nínú ooru àpótí, àwọn ewéko kan ń tètè yọ òdòdó, igi òdòdó wọn sì ń ga. Àmọ́ lápapọ̀, ohun tí ooru ń ṣe ni pé ó ń ran àwọn ewéko gíga lọ́wọ́, mọ́ọ̀sì àti láíkẹ́ẹ̀nì, ohun abẹ̀mí kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti ilẹ̀, ń dín kù. Ewéko tí ìgbésí ayé rẹ̀ dá lórí kíkúrú àti sùúrù kì í borí nígbà tí àwọn tó ga bá dé.

Ẹyẹ kan tún so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ibi tí mo ń gbé. Pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní barnacle goose, èyí tó ń yéyin ní Svalbard, etí omi Solway ní gúúsù Skọ́tlándì ló ń lò nígbà òtútù. Ní 1948, wọn kò ju nǹkan bíi 300 lọ. Ààbò tí wọ́n rí sọ wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n sì ń lọ fi ẹnu já ewéko àti mọ́ọ̀sì Svalbard lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo yọ̀ fún ẹyẹ náà. Ewéko ibẹ̀ ń san owó rẹ̀.

Skọ́tlándì fúnra rẹ̀ ní Luzula tirẹ̀ tó jẹ́ ti Àkítíìkì. Luzula arcuata ni, ó sún mọ́ confusa débi pé àwọn onímọ̀ kan ti ka àwọn méjèèjì sí ẹ̀yà ewéko kan náà rí. Òkè gíga Skọ́tlándì nìkan ló wà ní gbogbo Bìrìtéènì, àwọn òkè Cairngorms ni ibùjókòó rẹ̀. Ó kéré ju confusa lọ: ewé rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, ọ̀pá òdòdó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, orí òdòdó dúdú sì so mọ́ ṣóńṣó rẹ̀. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí ó lé ní mítà 1,000 sókè ni mo ti máa ń wá a, níbi tí yìnyín ti ń pẹ́ kó tó yọ́. Kí ẹ má ṣe fi ṣe Luzula spicata tó wà lágbègbè kan náà. Ti spicata ṣù pọ̀ ní ìdì kan gígùn tó dorí kodò.

Yìnyín yẹn ti ń lọ. Lórí Braeriach, ọ̀kan lára àwọn òkè Cairngorms, ojú kan wà tí wọ́n ń pè ní Sphinx, yìnyín tó pẹ́ jù láìyọ́ ní Bìrìtéènì. Láyé àtijọ́, kì í tán. Ó tán ní 1933, ní 1959, ní 1996, ní 2003, ní 2006, lẹ́yìn náà ní 2017, 2018, 2021 àti 2022. Ẹ wo bí àwọn ọdún yẹn ṣe ń súnmọ́ra. Ewéko tó nílò ilẹ̀ tó tutù lè máa gun òkè bí ìsàlẹ̀ ṣe ń móoru, ṣùgbọ́n Ben Macdui kò ju mítà 1,309 lọ, kò sì sí òkè tó ga jù ú lọ ní Cairngorms. Àwọn ẹgbẹ́ BSBI, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ewéko Bìrìtéènì àti Ireland, ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rí ewéko kan, tó sì lè fi àwòrán, ọjọ́ àti ibi tó ti rí i ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Aberdeen, Edinburgh àti Glasgow ló ń gun àwọn òkè yìí lọ́jọ́ ìsinmi. Tí ẹ bá dé òkè, ẹ gba orí òkúta, kí ẹ má tẹ ìdì ewéko. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ya àwòrán ewé àti orí òdòdó nítòsí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wọn.